Ìkúnlẹ̀ Tí Mo Kúnlẹ̀ ní Mile 12

Kétu ni wọ́n bí mi sí, Kétu náà ni mo ṣàtìpó lọ. Ẹni tó bá gbọ́ á rò pé mi ò kúrò lójú kan ni. Ṣùgbọ́n Kétu tiwa wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èdè Faransé kọ́ mi ní ìwé díẹ̀ tí mo mọ̀. Kétu kejì wà ní Èkó, láàárín Ọjọ́ta àti Mile 12. Ariwo ni wọ́n fi ń jí níbẹ̀, ariwo ni wọ́n fi ń sùn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, tí mo gbọ́ tí kọ̀ndọ́ ń pariwo "Kétu! Kétu!", mo rẹ́rìn-ín sínú, mo ní ilé náà ni wọ́n tún ń gbé mi padà sí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ̀rín ti tán. Mo bẹ obìnrin kan pé kó fún mi lómi mu. Kò wo ojú mi, ẹnu mi ló ń wò.

"Aunty, ará Kútọnu ni yín, àbí?"

Mo ní Yorùbá ni mí, ọmọ Kétu.

"Ẹ̀n-ẹ́n, Yorùbá Kútọnu."

Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ mi. Aunty Kútọnu ni mo kọ́kọ́ ń jẹ́. Nígbà tí ewú gba orí mi, mo di Ìyá Kútọnu. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé Kútọnu rí láyé mi, nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń ṣàìsàn.

Ọkọ mi ti kú kí n tó kúrò nílé. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo fi àwọn ọmọ mi méjèèjì sí. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ, ìyá mi di ọrùn ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Gbọ́ o. Onílé ló ni ilẹ̀, àlejò ló ni ìkúnlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá jù ọ́ lọ níbẹ̀, kúnlẹ̀ fún un dáadáa. Orúnkún kì í tán."

Mo di ọ̀rọ̀ yìí mú ju gbogbo ẹrù tí mo dì lọ. Ìyàlẹ́nu ló sì jẹ́ fún mi nígbà tí mo rí bí wọ́n ṣe ń kíni ní Èkó. Ní ìlú wa, obìnrin tó bá kí àgbà lórí ìdúró, wọ́n á béèrè ẹni tó tọ́ ọ. Ní Èkó, ọmọbìnrin á kàn tẹ orúnkún díẹ̀, bíi pé èèrà bù ú jẹ lẹ́sẹ̀, á sì ti kọjá lọ. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orúnkún méjèèjì ni mo máa ń fi kanlẹ̀.

Ìkúnlẹ̀ yìí ló fún mi níṣẹ́. Alhaja kan ló ni àtíbàbà ńlá níbi tí ọkọ̀ tòmátì láti òkè Ọya ti ń já ẹrù ní Mile 12. Mo lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi níṣẹ́. Òjò ti rọ̀, omi tòmátì tó ti jẹrà pò mọ́ ẹrẹ̀ níwájú wọn, mo sì kúnlẹ̀ sínú rẹ̀. Alhaja wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Dìde, dìde, ìró ẹ ti bàjẹ́," wọ́n ní. Wọ́n wá yíjú sí àwọn tó wà lọ́dọ̀ wọn. "Obìnrin tó lè kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ yìí, kò ní jí mi lẹ́rù."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣa tòmátì fún wọn. Tí ọkọ̀ bá ti dé, tí àwọn alábàárù bá ti sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, àwa obìnrin á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó le lápá kan, èyí tó ti rọ̀ lápá kejì. Ara mi le nígbà náà. Mo máa ń wọ́ apẹ̀rẹ̀ tó kún dẹ́nu láìpe alábàárù kankan, àwọn ọkùnrin á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí n wá bá àwọn já ọkọ̀. Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn ọmọ mi dàgbà, wọ́n bímọ. Èmi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀.

Ẹ má bi mí bóyá mo láyọ̀. Yàrá kan ni mo gbà ní Alápẹ̀rẹ̀, mo sì mọ gbogbo àwọn tá a jọ ń gbé ilé náà, mo mọ ọjọ́ tí ọmọ wọn kọ́kọ́ rìn. Síbẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣàwàdà láàárín ara wọn tí mo bá dá sí i, wọ́n á rẹ́rìn-ín ohùn mi kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo bá sì pe ilé, àwọn ọmọ-ọmọ mi á ní, "Ìyá Èkó ló ń sọ̀rọ̀." Kútọnu lápá ibí, Èkó lápá ọ̀hún. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń pè mí ní orúkọ ibẹ̀.

Ìbàdí ni àìsàn mi ti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá jí láàárọ̀, á le gan-an bí igi, mo sì máa ń sọ fún ara mi pé àgbà ló dé, ta ni kò mọ àgbà. Nígbà tó yá, ìrora náà gba ìdí bọ́ sí itan, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Tí mo bá dúró pẹ́, tàbí tí mo bá rìn díẹ̀, ẹsẹ̀ mi òsì á kú, á dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni mo ń wọ́ kiri.

Orí ìrun ni mo ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ohun kan. Ìdúró ìrun ló máa ń le fún mi. Tí mo bá ti tẹ̀ síwájú, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tù mí, tí mo bá sì forí kanlẹ̀, ìrora náà á lọ bí ẹni pé kò wá rí. Mo wá ń pẹ́ níbi ìforíkanlẹ̀. Àwọn obìnrin tá a jọ ń kírun ọ̀sán lọ́jà rò pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mò ń sunkún sí. Alhaja alára ní, "Ẹ wò bí ará Kútọnu ṣe ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin, ẹ ò tíì forí kanlẹ̀ tẹ́ ẹ ti dìde."

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé tí mo bá tẹ̀, màá sàn. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn á ṣe máa tẹ̀ láàárín ọ̀nà ní Mile 12? Láti àtíbàbà wa dé etí títì, mi ò lè rìn ín tán láìdúró. Tó o bá dúró lójú ọ̀nà, alábàárù á pariwo "Àgò! Àgò lọ́nà!" mọ́ ọ létí, tó o bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìnídìí, wọ́n á yí ọ ká, wọ́n á máa béèrè ohun tó sọnù. Ohun kan ṣoṣo ló wà tí obìnrin lè torí ẹ̀ wà nílẹ̀ lójú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò ní bi í léèrè. Ìkíni ni.

Ni mo bá di ẹni tó ń kíni. Tí ẹsẹ̀ mi bá ti fẹ́ kú, màá wá àgbàlagbà tó bá wà nítòsí, màá kúnlẹ̀, màá sì tẹ̀ síwájú. "Ẹ kú ìjókòó o, Mama! Ilé ńkọ́? Bàbá ńkọ́?" Màá bi wọ́n léèrè ọmọ kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà ní Ìbàdàn, èyí tó wà lókè òkun. Kí n tó dé orí ọmọ kẹta, ẹsẹ̀ mi á ti jí. Ìyá kan tó ń ta àlùbọ́sà nítòsí ẹnubodè ọjà ni mo fẹ́ràn jù láti kí, nítorí wọ́n bímọ púpọ̀.

Òkìkí mi kàn. Wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ̀wà tó Ìyá Kútọnu ní gbogbo Mile 12. Alhaja ń fi mí kọ́ àwọn ìyàwó ọmọ wọn lẹ́kọ̀ọ́. "Ẹ wo ìyá yìí, ó ti dàgbà, síbẹ̀ kò fi ìkúnlẹ̀ ṣàpárá." Wọ́n á sọ ọ́ lójú mi, ojú á sì tì mí débi pé mi ò ní mọ ibi tí màá gbé e sí.

Kí ló dé tí mi ò sọ òtítọ́? Ìbẹ̀rù ni. Àwa ará Kétu ilé máa ń ṣèpàdé ní Ìkòsí lọ́jọ́ Sunday. Obìnrin wa kan wà, Àfúsá, tó ń din àkàrà ní Ọjọ́ta. Àìsàn kan mú un lẹ́sẹ̀, àwọn àgbààgbà ìpàdé sì jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun nìkan ni kò sí níbẹ̀. Wọ́n dáwó, wọ́n pe ọkọ̀, wọ́n di ibùsùn rẹ̀ mọ́ orí ọkọ̀. Ó ń sunkún, a ń kí i pé ó kú oríire, ó rílé lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé wọn ò ní di èmi bí ẹrù láyé. Ìyá mi ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ẹni tí yóò máa gbé wọn dìde ni wọ́n ń retí. Ṣé èmi ni màá wá lọ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn?

Nítorí náà, mo lọ ṣe ìtọ́jú níkọ̀kọ̀. Wọ́n júwe bàbá kan fún mi ní ẹ̀yìn Ìkòsí tó máa ń fi òrí wọ́ra fún èèyàn. Bàbá náà ní kí n dojú bolẹ̀. Ó wọ́ mi títí ara mi fi rọ̀, mo sì ti ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi. Ló bá fi ẹsẹ̀ tẹ ìbàdí mi, ó di èjìká mi méjèèjì mú, ó fà mí sókè sẹ́yìn. Mo ké.

"Ó ti wọlé," bàbá náà ní, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ ò gbọ́ ìró ẹ̀?"

Bó ṣe wọlé tó, mi ò lè nà tán fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìrora tó ti ń mú ẹsẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí èkejì. Mo dá èèyàn lóhùn ní Alápẹ̀rẹ̀ pé ibà ni.

Àárín ìgbà yẹn ni ìyá mi pè. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí lórí fóònù nìyí, látọjọ́ pípẹ́, àwàdà wa ni: "Ṣé o wà lórí ìkúnlẹ̀?"

"Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, Ìyá."

Lọ́jọ́ yẹn, òtítọ́ ni. Mo wà nílẹ̀ lórí orúnkún mi, mo gbé àyà lé bẹ́ẹ̀dì, nítorí bẹ́ẹ̀ nìkan ni mo fi lè sinmi.

"Ọmọ mi gidi," wọ́n ní. "Èkó ò tíì bà ọ́ jẹ́."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi.

Òtítọ́ kì í ṣí lọ, kó má padà wálé. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọkọ̀ mẹ́ta dé papọ̀, a ò sì rí àyè jókòó. Mo ti wà lórí ìdúró títí mi ò fi mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà mọ́. Mo ń wá àgbàlagbà kan tí màá kí, mi ò rí ẹnì kan. Ìgbà yẹn gan-an ni Ráfíà, ìyàwó ọmọ Alhaja tó kéré jù, gbé oúnjẹ wá fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún ni, oyún rẹ̀ sì ti yọ síta gbangba. Ó dúró níwájú mi, ó fẹ́ kí mi. Orúnkún mi ò dúró dè mí. Mo gúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ gbì, ẹnu mi tí ìkíni ti mọ́ lára sì la ara rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, ìyàwó wa! Ilé ńkọ́?"

Ráfíà ju kúlà oúnjẹ nù. "Mummy! Ẹ dìde! Kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

Mi ò lè dìde. Bó ṣe rí i pé mi ò dìde, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún rẹ̀, nítorí pé kò lè dúró kí àgbà wà lórí ìkúnlẹ̀ fún un. Àwa méjèèjì wà nílẹ̀, a ń bẹ ara wa. Ojú ọjà wá yí sí wa.

"Kí ló dé? Àgbàlagbà ń kúnlẹ̀ fún ọmọ kékeré?"

"Aláboyún mà ni o. Kí ló fẹ́ fi gbà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ará Kútọnu ni, jàre. Ẹ fa ọmọ yẹn dìde!"

Gbogbo ọdún tí mo ti lò níbẹ̀, gbogbo ọmọ tí mo ti bá wọn gbé pọ̀n, ẹnu kan ló gba gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n fa Ráfíà sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan èmi.

Alhaja jáde wá. Ojú wọn ti le. "Kí ni ìyàwó ọmọ mi fi ṣẹ̀ ẹ́ tó o fi ń kúnlẹ̀ fún un nínú ipò tó wà? Ohun tó o fẹ́ ṣe sí i, sọ ọ́ síta kí gbogbo wa gbọ́!"

"Alhaja, mi ò kí i," mo ní. Omi ti bọ́ lójú mi. "Mi ò kí i rárá. Ìbàdí mi ni. Ẹsẹ̀ mi ti kú. Tí mi ò bá ti kúnlẹ̀, màá ṣubú ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ láàárín ọjà, nítorí pé èyí tí mo ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ ti kéré sí ẹ̀sùn àjẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé lé mi lórí. Mo sọ bí mo ṣe ń rìn tí mo ń dúró, bí mo ṣe ń wá ẹni tí màá kí kí ẹsẹ̀ mi lè jí. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rín, ó pa á mọ́ra.

Alhaja ò rẹ́rìn-ín. "Látìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, mà."

"Èyí tó o kúnlẹ̀ fún mi láàárọ̀ yìí ńkọ́? Ṣé èmi lò ń kí, àbí ìbàdí ẹ lò ń tọ́jú?"

Ká ní mo sọ pé àwọn ni mò ń kí, irọ́ wà níbẹ̀. Ká ní mo sọ pé ìbàdí mi ni, irọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Alhaja dúró títí, nígbà tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n padà wọlé. Ráfíà ló gbé mi dìde.

Lọ́jọ́ kejì, mọ́tò Alhaja dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní Alápẹ̀rẹ̀, àwọn fúnra wọn wà nínú rẹ̀. Wọn ò kí mi. Wọ́n kàn ní, "Wọlé." Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé mi lọ. Wọ́n yà mí ní ẹ̀kìsìréè lórí ìdúró, wọ́n tún ní kí n tẹ̀ síwájú, wọ́n yà mí bẹ́ẹ̀. Dókítà, obìnrin tó lè jẹ́ ọmọ mi, gbé àwòrán náà sí ibi iná, ó fi ìka tọ́ ọ.

"Mummy, eegun ẹ̀yìn wa tò lérí ara wọn, látòkè dé ìdí. Èyí rèé. Ó ti yẹ̀ síwájú lórí èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ṣé ẹ rí i?"

Mo rí i. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n to apẹ̀rẹ̀ lérí ara wọn tí ọ̀kan wá yọ síta.

"Ta ló tì í?" Alhaja ló béèrè.

"Kò sẹ́ni tó tì í, mà. Àgbà ni. Oríkèé tó di eegun yìí mú ti jẹ, ohun rírọ̀ tó wà láàárín wọn náà ti tẹ́. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin tó ti dàgbà. Ibi tó yẹ̀ sí yìí ló ń fún àwọn iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá dúró tàbí tí wọ́n ń rìn, ibẹ̀ á há sí i. Tí wọ́n bá tẹ̀ síwájú tàbí tí wọ́n jókòó, á ṣí díẹ̀, ara á tù wọ́n." Ó wá yíjú sí mi. "Ṣé ẹnì kan tẹ̀ yín lẹ́yìn ni?"

Mo sọ̀rọ̀ bàbá olóòrí. Ó mi orí. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fà mí sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé.

"Ọmọ mi," mo ní, "ẹ bá mi tì í padà sáyè ẹ̀."

"Kò ní padà sáyè ẹ̀ mọ́, Mummy. Ẹ má jẹ́ kíyẹn bà yín lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń rìn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tiwa ni ká fún ẹran ara tó yí i ká lágbára, kó lè dì í mú síbi tó wà."

Ó ní oògùn ìrora wà, bẹ́líìtì ìbàdí wà, ẹsasáìsì sì wà tí màá máa ṣe fún oṣù púpọ̀. Apẹ̀rẹ̀ wíwọ́ ti parí. Tí gbogbo èyí ò bá ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ lè wáyé. Ó tún rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Tẹ́ ẹ bá ṣàdédé rí i pé ẹ ò lè di ìtọ̀ mú, tàbí tí inú itan yín lọ́hùn-ún kú, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀."

Nínú mọ́tò, mo ń ro ọ̀rọ̀ dókítà. Kò ní padà sáyè ẹ̀ mọ́, kó ṣáà má kúrò níbi tó wà. Mo wo títì Ìkòròdú láti ojú fèrèsé, mo rò ó pé kì í ṣe eegun mi nìkan ló ń sọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń kọ́ mi ní ẹsasáìsì náà. "Mummy, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ fa orúnkún méjèèjì wá sáyà. Ẹ relax. Ó yá, ẹ tẹ ìbàdí mọ́lẹ̀, ẹ fa ikùn wọlé, bíi pé ẹ fẹ́ kọjá láàárín apẹ̀rẹ̀ méjì." Ó kọ́ mi bí mo ṣe lè máa dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láti ẹ̀gbẹ́, ó kọ́ mi bí mo ṣe lè kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì kí ẹ̀yìn mi sì wà ní títọ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ gorí ọ̀sẹ̀, mi ò rí ìyàtọ̀. Mo máa ń jí lówùúrọ̀, kí n tó ṣe ohunkóhun, màá fọwọ́ kan itan mi láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń mọ nǹkan lára. Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ń bà mí. Ẹ̀rù pé mi ò ní rí owó tí màá fi ṣe é tún ń bà mí.

Àwọn ará ìpàdé wa ti gbọ́. Alága wá sí yàrá mi pẹ̀lú àgbà méjì, wọ́n jókòó, wọ́n gbàdúrà.

"A ti ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ yín," Alága ní. "Ọkọ̀ ti wà. Ilé ń retí yín."

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì bi mí."

Wọ́n wo ara wọn. Alága ní ṣé èèyàn ń bi aláìsàn léèrè pé ṣé ó fẹ́ relé ni. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní ẹ jẹ́ kí n parí ìtọ́jú yìí, tí mi ò bá lè dá rìn nígbà Iléyá, ẹ wá gbé mi, mi ò ní jiyàn. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n mo rí i lójú wọn pé ọkọ̀ náà ti ń dúró dè mí.

Lọ́jà, Alhaja fún mi ní àpótí pẹlẹbẹ tí mo lè jókòó lé láti ṣa tòmátì. Wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má jẹ́ kí n gbé nǹkan kan. Oore ńlá ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fẹ́ kúnlẹ̀ láti kí wọn láàárọ̀, wọ́n á ti yíjú. "Jókòó, jókòó. Má da ara ẹ láàmú." Wọn ò tún pe orúkọ mi níwájú àwọn ìyàwó ọmọ wọn mọ́. Èyí dùn mí ju eegun tó yẹ̀ lọ. Ìkúnlẹ̀ nìkan ni mo gbé wá láti ilé, ó sì ti di ayédèrú lójú ẹni tó kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

Ìyá mi gbọ́ níkẹyìn. Àbúrò mi ló sọ fún wọn. Wọ́n pè mí. Wọn ò béèrè bóyá mo wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Wọ́n ní o ti yarọ."

"Mi ò tíì yarọ, Ìyá." Mo wá sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, títí kan ìbéèrè Alhaja. Mo ní, "Ìyá, àní ẹ̀yin náà. Ìrora ló máa ń gbé mi kalẹ̀ nígbà tí mo bá ń bá yín sọ̀rọ̀."

Wọ́n ní, "Ìkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bí ọ, ìrora ló gbé èmi náà kalẹ̀. Ta ló máa sọ pé mi ò fẹ́ ọ?"

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò sì bo fóònù.

Mi ò mọ ọjọ́ tí ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo kàn rí i lọ́jọ́ kan pé mo ti dé ibi afárá ẹlẹ́sẹ̀, mi ò sì tíì dúró lójú ọ̀nà. Mo rántí pé mo ti kọjá ìyá alálùbọ́sà, mo wẹ̀yìn. Ìyá náà ti dìde, ọwọ́ wọn wà ní ìbàdí.

"Ìyá Kútọnu! Ó mà ti di ìgbéraga báyìí? Ẹ ò béèrè ọmọ mi mọ́!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìlera náà tún fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́. Ìrora náà ò lọ tán o. Eegun náà ṣì wà níbi tó yẹ̀ sí, dókítà sì ti sọ pé a óò máa ṣọ́ ọ, pé iṣẹ́ abẹ ṣì lè wáyé lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Alága dé bí Iléyá ṣe ku díẹ̀, ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn wá pàdé wọn létí títì. Mo fi aṣọ tí mo rà fún ìyá mi àti àlùbọ́sà sínú ọkọ̀ wọn. Ẹrù lọ, èmi dúró.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, mo lọ bá Alhaja níbi tí wọ́n jókòó sí. Kò sí ìrora lẹ́sẹ̀ mi. Mo dúró níwájú wọn dáadáa ná, kí wọ́n lè rí i pé mo lè dúró. Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, ẹ̀yìn mi nà.

"Ẹ káàárọ̀, Alhaja."

Wọ́n ti yíjú tẹ́lẹ̀. Wọ́n yára wẹ̀yìn. "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ ni? Ẹ gbé àpótí ẹ̀ wá fún un!"

"Rárá, mà. Kò dùn mí."

"Kí lo wá ń ṣe nílẹ̀?"

"Mo ń kí yín ni."

Alhaja wò mí bí wọ́n ṣe wò mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nínú ẹrẹ̀. Àwọn alábàárù ń kọjá, wọ́n ń ké àgò, wọ́n sì ń yà fún wa. Mo rò pé wọ́n á ní kí n dìde. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìyá ẹ ńkọ́?" wọ́n ní.

"Wọ́n wà, mà. Wọ́n ń kí yín."

"Àwọn ọmọ ẹ ńkọ́? Kí lorúkọ wọn?"

Láti gbogbo ọdún yìí wá, wọn ò bi mí rí. Mo dárúkọ àkọ́bí mi, wọ́n tún un pè, wọ́n béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo dárúkọ èkejì, wọ́n béèrè ibi tó ń gbé. Wọ́n bọ́ sórí àwọn ọmọ-ọmọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúnkún mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí lórí ilẹ̀ líle náà, ṣùgbọ́n mi ò dìde, títí wọ́n fi béèrè dé orí èyí tó kéré jù.